Ikọ́ Tí Mo Pè Ní Ti Èéfín, àti Irọ́ Tí Mo Gbé Sórí Sítétọ́ọ̀sì

Ìwọ tó ń wúkọ́, tí o sì ń sọ fún ara rẹ pé kò sí nǹkan kan, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mi ò kọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè kí mi kú oríire. Mo là á já, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Bí mo bá sọ ti àìsàn nìkan, tí mi ò sọ ohun tí mo ṣe nínú àìsàn náà, irọ́ mìíràn ni mo tún pa yẹn, èyí tí mo ti pa sì ti tó.

Ìyá Tọ́pẹ́ ni wọ́n ń pè mí ní ọjà Igbudu, ní Warri níbí. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí. Ẹja ni mò ń yan, bọ́ńgà àti edé, iṣẹ́ tí ìyá mi ṣe nìyẹn, tí ìyá tiẹ̀ náà ṣe. Igbudu ni mò ń gbé, ibẹ̀ náà ni mo ti ń tà, ṣùgbọ́n Ekete ni ààrò wa wà, lẹ́yìn ilé ọ̀rẹ́ mi, Wùmí, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Dúró. Ọdún mọ́kàndínlógún ni èmi àti Wùmí fi dúró sí ẹ̀gbẹ́ ara wa lábẹ́ páànù kan ṣoṣo, tí èéfín kan náà ń ta wá lójú. Nígbà tí ọkọ mi kú, òun ló sùn tì mí fún ogójì ọjọ́. Ẹ má gbàgbé orúkọ rẹ̀, nítorí òun ni mo ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti sítétọ́ọ̀sì, ojú ewé orí fóònù tí gbogbo ẹni tó ní nọ́ńbà èèyàn ti ń rí ohun tó bá kọ. Tọ́pẹ́, ọmọ mi obìnrin tó ń kàwé ní Effurun, ló kọ́ mi. Ó ní, "Mama, no dey call customer one by one again. Just put am for status, everybody go see am." Mo ní èmi kọ́, mi ò mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló gbà. Òótọ́ sì ni. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ ni "Ẹja ti jáde." Mi ò tíì wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kúrò ní Ekete tí àwọn olóúnjẹ Effurun fi ti ń pè mí pé kí n fi tiwọn pamọ́.

Láti ọjọ́ náà, kò sí àárọ̀ tí mi ò kọ nǹkan. "Edé tuntun wà." "Omi ti bo ọ̀nà, ẹ dúró dè mí." "Mi ò wá sọ́jà lónìí, ìsìnkú ni." Ẹ má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ kúkúrú bẹ́ẹ̀ o. Àwọn ará wa tó wà ní etí òkun fi ń mọ̀ pé a jí. Ní ìjọ wa, òun la fi ń mọ ẹni tó bímọ, ẹni tó ń rìnrìn àjò, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Bí ẹnì kan kò bá gbé nǹkan síbẹ̀ fún ọjọ́ méjì, a ó pè é, a ó ní, "Ṣé kò sí o?" Ohun tí àwọn èèyàn bá rí níbẹ̀, wọ́n á gbà á gbọ́ bí ẹni pé mo dúró síwájú wọn sọ ọ́. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti kọsẹ̀.

Ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀ nígbà ọyẹ́, lẹ́yìn Kérésìmesì. Mi ò kà á sí. Gbogbo àwa tó ń yan ẹja là ń wúkọ́. Ìyá mi wúkọ́ títí ó fi darúgbó, kò sí ẹni tó bi í pé kí ló dé. Láàárín wa, ikọ́ kì í ṣe àìsàn, àmì iṣẹ́ ni. Wùmí a tilẹ̀ máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Ẹlẹ́ja tí kì í wúkọ́, ẹja ẹlẹ́ja ló ń tà." Bí mo bá wúkọ́ níhìn-ín, òun náà á wúkọ́ dá mi lóhùn lọ́hùn-ún, a ó bú sẹ́rìn-ín. Ikọ́ èéfín, bẹ́ẹ̀ là ń pè é.

Ṣùgbọ́n ikọ́ èéfín a máa dín kù bí èèyàn bá kúrò nídìí iná. Tèmi ò dín kù. Mo wúkọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo wúkọ́ nínú kẹ̀kẹ́, mo wúkọ́ lórí ẹní. Mo ń jí láàárọ̀, aṣọ tí mo fi sùn á ti tutù rin. Oúnjẹ kò wù mí mọ́. Ìró tó ń há mi nídìí tẹ́lẹ̀ wá di èyí tí mò ń fi okùn dè. Àwọn oníbàárà ń yìn mí, "Mama Tọ́pẹ́, you don slim o! You don turn small girl!" Èmi aláìlójútì, mo ya fọ́tò ara mi, mo gbé e sórí sítétọ́ọ̀sì, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Ọmọge ni mí." Ẹ wò ó! Àrùn ń jẹ mí lára, mo ń fi ṣe fáàrí.

Màmá, ìyá ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, ló kọ́kọ́ mú oògùn wá. Epo pupa, oyin, àti orógbó tí wọ́n gún, wọ́n rò ó pọ̀ sínú ìgò. Wọ́n ní, "Ìyàwó, gbé e mu. Èéfín ló dì sí ọ láyà, epo ni yóò fọ̀ ọ́." Mo mu ún. Ní ìjọ wọ́n ní kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, mo gbà á, ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbé mi dé ilé. Tọ́pẹ́ nìkan ló ń pariwo, "Mama, dis cough don tey. Go do test." Màmá á gbọ́, wọ́n á fi èdè wa sọ̀rọ̀ sí i pé kó yé pe àìsàn mọ́ ìyá rẹ̀ lára, òun náà á fi Pidgin dá wọn lóhùn, wọn ò ní gbọ́ ara wọn yé. Èmi á tún gbé ìgò Màmá mu. Mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mò ń pa làpálàpá.

Ọjọ́ kan ní ọ̀sán gangan, mo ń wọn edé fún obìnrin kan ní ọjà, ikọ́ gbé mi. Mo fi etí ìró bo ẹnu. Nígbà tí mo gbé e kúrò, mo rí pupa. Ẹ gbọ́ ohun tí mo rò: mo rò pé epo inú ìgò Màmá ni. Mo tilẹ̀ fẹ́ nù ún kí n máa wọn edé lọ. Obìnrin yẹn ló di ọwọ́ mi mú. "Mama," ó ní, "na blood be dat." Ó fi edé sílẹ̀ lọ. Mo jókòó sórí àpótí mi.

Ní ọjọ́ kejì, Tọ́pẹ́ gbé mi lọ sí ọsibítù ìjọba. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí a fi débẹ̀, síbẹ̀ àwọn èèyàn ti kún bẹ́ńṣì. Wọ́n kọ nọ́ńbà sórí páálí, wọ́n fún wa. Wọ́n ní kí àwa tó ń wúkọ́ bọ́ síta, ká lọ jókòó lábẹ́ igi, níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Àwọn tó kù ń wò wá. Mo fi gèlè bo ojú mi dé imú. Obìnrin kan tó máa ń ra bọ́ńgà lọ́wọ́ mi kọjá, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mò ń wá bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ mi. Wọ́n fún mi ní ike kékeré kan pé kí n wú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú rẹ̀. Mo wú u lónìí, wọ́n ní kí n tún mú ti àárọ̀ ọ̀la wá. Ìjókòó ọjọ́ méjì gbáko nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì tó pè mí wọlé kò jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Ó ṣí fèrèsé sílẹ̀, ó ní, "Mama, na TB. No cry. E get medicine, and the medicine na free. Six months. You no go miss one day." Ikọ́ ife ni o, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ikọ́ ẹ̀gbẹ. Mi ò gbọ́ "free" tó sọ. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni ọkùnrin kan ní abúlé wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Wọ́n kọ́ ahéré fún un ní ìpẹ̀kun abúlé, abọ́ tiẹ̀ lọ́tọ̀, ife tiẹ̀ lọ́tọ̀, nígbà tó kú wọ́n dáná sun gbogbo rẹ̀. Mo rí ara mi nínú ahéré yẹn.

Ọ̀fẹ́ ni oògùn náà lóòótọ́. Owó kẹ̀kẹ́ nìkan ni mo ń ná, pẹ̀lú ẹyin tí wọ́n ní kí n máa jẹ. Owó tí mo ti ná sórí oyin jù ú lọ fíìfíì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó dùn mí. Nọ́ọ̀sì yẹn fa ìwé kan yọ, ó bi mí pé, "Who and who una dey stay together, dey breathe one air?" Mo dárúkọ Tọ́pẹ́, mo dárúkọ Màmá. Wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, kò sí lára wọn, Ọlọ́run ṣeun. Ó tún ní, "Another person no dey? Work? Church? Shop?" Tọ́pẹ́ ti jáde lọ ra omi. Èmi àti nọ́ọ̀sì nìkan ló kù. Mo rí ààrò wa, mo rí páànù, mo rí Wùmí tó ń wúkọ́ dá mi lóhùn. Mo ní, "Nobody."

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé. Ẹja ni mò ń tà. Ta ni yóò ra ẹja lọ́wọ́ ẹni tó ń wú ikọ́ ife? Wùmí sì rèé, èèyàn dáadáa ni o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Bó bá gbọ́ láàárọ̀, gbogbo Ekete á ti gbọ́ kó tó di ọ̀sán. Mo ní màá sọ fún un bí ara mi bá yá. Irú ìrònú yẹn, èṣù ló máa ń fi í rán èèyàn níṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì ní kí n yẹra fún èrò ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, kí oògùn tó mú un. Ni mo bá sọ fún Wùmí pé mò ń lọ sílé, sí Ìgbọ́kọ̀dá. Mo wá fọ́tò omi kan tó ti pẹ́ nínú fóònù mi, mo gbé e sórí sítétọ́ọ̀sì: "Mo wà nílé. Afẹ́fẹ́ dára." Inú yàrá mi ní Igbudu ni mo dùbúlẹ̀ sí, tí mò ń gbọ́ ariwo ọjà láti ojú fèrèsé. Wùmí fèsì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: "Gbádùn ara ẹ. Mò ń yan tìẹ mọ́ tèmi." Ó sì ń yan án lóòótọ́. Ó ń yan ẹja mi, ó ń fi ránṣẹ́ sí Tọ́pẹ́, tó ń bá mi tà á lọ́jà nígbà ìsinmi ilé ìwé, nítorí kí àwọn oníbàárà mi má bàa sá.

Nígbà tó tó bí oṣù méjì, ara mi yá. Mo sanra, ojú mi tún dán. Mo padà sídìí ààrò. Gbogbo èèyàn ń bi mí, kí lo lò? Kí lo lò? Kí ni mo fẹ́ sọ? Inú agolo òfìfo kan lẹ́yìn ìkòkò ni oògùn ọsibítù wà, ibẹ̀ ni mo ti ń yọ ọ́ mu láàárọ̀ kí n tó jẹun. Mo gbé ìgò Màmá sórí tábìlì, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo kọ ọ́: "Epo, oyin, orógbó. Ikọ́ èéfín ti lọ. Ọlọ́run tóbi." Àwọn èèyàn ń kí mi lákìíìkítán. Inú Màmá dùn títí, wọ́n ní kí n kà á fún wọn lẹ́ẹ̀kejì. Mo kà á.

Wùmí pè mí ní ọjọ́ náà gan-an. Ohùn rẹ̀ ti há. Ó ní, "Ìyá Tọ́pẹ́, ikọ́ tèmi náà ò fẹ́ lọ mọ́ o. Báwo lo ṣe pò ó? Ìwọ̀n epo wo, ìwọ̀n oyin wo?"

Èmi yìí, pẹ̀lú ẹnu mi, mo ní, "Epo ìgò kan, oyin ìdajì, orógbó méje."

Mo ka iye orógbó fún un.

Láti ọjọ́ kẹta ló ti ń gbé e sórí sítétọ́ọ̀sì tiẹ̀, ìgò lọ́wọ́: "Oògùn Ìyá Tọ́pẹ́. Ọjọ́ kẹta." "Ọjọ́ kọkànlá. Ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀." Mò ń wò ó láràárọ̀. Kì í ṣe ìgò ni mò ń wò, ọwọ́ tó di ìgò mú ni. Ẹ̀gbà ọwọ́ tó há a lọ́rùn ọwọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n ti yọ̀ gòkè sún mọ́ ìgúnpá. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí. Nínú gbogbo Warri, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń tẹ òtítọ́ sórí fóònù tí mò ń pa á rẹ́. Àwọn ọjọ́ tí a jọ wà nídìí iná, mo máa ń pinnu pé òní ni. Ọjọ́ kan, mo múra, mo ní tí n bá dé, màá sọ ọ́ kí n tó jókòó. Ó bu ẹ̀bà fún mi, ó yọ ẹja tó tóbi jù sí tèmi. Bó ṣe fẹ́ jókòó, ikọ́ gbé e, ó di òpó mú. Nígbà tó lọ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, omi wà lójú rẹ̀, ó ní, "Ikọ́ èéfín! Àbí n kì í ṣe ẹlẹ́ja ni?" Ọ̀rọ̀ ti dé ètè mi. Ohun tó jáde ni, "Fi oyin kún un." Mo jẹ ẹ̀bà rẹ̀ tán, mo fọwọ́, mo lọ sílé. Bí ilẹ̀ bá ti lanu lọ́jọ́ náà, ǹ bá ti wọ̀ ọ́.

Tọ́pẹ́ ló ká mi mọ́. Ìdánwò kò jẹ́ kó wo sítétọ́ọ̀sì láti ọjọ́ yìí; ó ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ Sátidé, ó ń wo fóònù rẹ̀, ó dá dúró. "Mama, na wetin Mama Dúró dey drink so? 'Oògùn Ìyá Tọ́pẹ́'?" Ó yí ojú fóònù náà sí mi. "You no tell am say na TB?" Mo ń ṣa ẹ̀wà, mo tẹjú mọ́ ẹ̀wà náà. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, "Mama, she go die. Na your lie she go drink die."

Ọmọ tí mo bí ló ń sọ ọ́ sí mi lójú. Mo gbé fóònù, mo pe Wùmí. Ó gbé e, ó ní, "Ìyá Tọ́pẹ́ mi! Ara ti ń yá díẹ̀ o." Mo pa ìpè náà. Mo wá rí i pé ẹnu mi ò lè ṣe é, bẹ́ẹ̀ ibi tí mo ti purọ́ wà níbẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń wò ó. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìka kan:

"Kì í ṣe epo, kì í ṣe oyin. Ikọ́ ife ni mo ní. Oògùn ọsibítù ló wò mí, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó ti bá mi jókòó tó ń wúkọ́, kó lọ ṣe àyẹ̀wò. Ìyá Dúró, dárí jì mí. Lọ lónìí."

Tọ́pẹ́ tún un kọ ní Pidgin sábẹ́ rẹ̀ kí gbogbo ọjà lè gbọ́. Ó wò mí, mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó tẹ̀ ẹ́ lọ.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé ẹ̀san òtítọ́ dùn. Àwọn olóúnjẹ Effurun ò pè mí mọ́. Lọ́jà, àwọn kan gbé àpótí wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Màmá ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n ní mo ba oògùn àwọn baba wọn jẹ́ lójú ayé. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sán ọjọ́ náà ni àwọn mìíràn ti ń kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀. "Mama, my own don reach two months." "Ìyá Tọ́pẹ́, ọsibítù wo ni?" "Ṣé lóòótọ́ ni pé wọn kì í gbowó?" Èèyàn márùn-ún ló lọ tí mo mọ̀. Wọ́n bá a lára ẹnì kan, ọkùnrin tó máa ń fi àyè ìjókòó han èèyàn ní ìjọ wa, òun náà ti ń mu epo. Ó ti ń lo oògùn báyìí. Gbólóhùn mélòó kan péré lórí fóònù, ohun tí mo ti lè kọ láti ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì ti bi mí léèrè.

Wùmí rí i. Mo rí orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn tó ti wò ó. Kò kọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ kejì, Dúró, ọmọ rẹ̀ tó ti di bàbá ilé, pè mí. Kò kí mi. "Dem don admit am," ó ní, ó sì pa á.

Mo lọ. Wọ́n ti gbé e sí yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbalaja, ó ti gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí bẹ́ẹ̀dì fi dà bí ẹni pé ó ṣófo. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Wùmí, èmi ni. Mo dáràn." Ó kọ́kọ́ wúkọ́ tán. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ àdúrà lọ: "O ka orógbó fún mi, Ìyá Tọ́pẹ́." Ó yí ojú sí ògiri. Mo wà lórí eékún mi títí nọ́ọ̀sì fi ní kí n dìde.

Èmi ti parí oògùn oṣù mẹ́fà. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò, ó mọ́. Mo ń jẹun, mo ń sùn, ìró mi tún ti ń há mi. Àwọn oníbàárà ti ń padà bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wùmí náà parí tiẹ̀, ó yè, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ kó tó débẹ̀. Àìsàn náà ti jẹ ẹ̀gbẹ́ kan àyà rẹ̀. Bó bá rìn láti ẹnu ọ̀nà dé títì, ó gbọ́dọ̀ dúró mí. Kò lè sún mọ́ èéfín mọ́ láéláé. Omi tútù àti bisikíìtì ló ń tà níwájú ilé, obìnrin tí kò sí ẹni tó mọ ẹja yan tó o. Ààrò wa ti tutù, koríko ti hù níbẹ̀. Ibòmíràn ni mo ti ń yan tèmi, ní gbangba, tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́.

Nítorí náà, ìwọ tó ń kà á, bí ikọ́ bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, má fún un lórúkọ. Má pè é ní ti èéfín, má pè é ní ti ọyẹ́, má pè é ní ti ayé. Lọ wú u sínú ike kí àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ló ń mí afẹ́fẹ́ kan náà pẹ̀lú rẹ, dárúkọ gbogbo wọn. Ìtìjú tí mo sá fún nígbà náà kò tó ọgọ́rùn-ún èyí tó wà lọ́rùn mi báyìí.

Láti ọjọ́ tí mo ti jẹ́wọ́ ni mo ti ń kọ bí mo ṣe jí sórí sítétọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo ṣì ń lo oògùn, "Mo ti lo tòní." Lẹ́yìn tí mo parí rẹ̀, "Ẹja ti jáde. Mi ò wúkọ́ lónìí." Bí mo bá wúkọ́, màá kọ iye rẹ̀. Mo máa ń wo orúkọ àwọn tó ti rí i. Ti Wùmí kì í pẹ́ jáde. Kò fèsì rí, kò gbé ìpè mi rí, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ á wà níbẹ̀ kí n tó dé ọjà. Òun ni mo fi ń mọ̀ pé ó jí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo dé ọjà, orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Mo ta bọ́ńgà díẹ̀, mo tún wò ó, kò sí. Nígbà tó di ọ̀sán, mi ò lè gbà á mọ́ra mọ́. Mo fi ẹja mi sílẹ̀ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo wọ kẹ̀kẹ́, mo ní, "Ekete, abeg, quick." Gbogbo ọ̀nà ni mò ń gbàdúrà.

Ó jókòó níwájú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà omi rẹ̀. Mo bọ́ sílẹ̀, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Kí ló dé?" ó ní. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ látìgbà tó ti yí ojú sí ògiri nìyẹn.

"Mi ò rí orúkọ rẹ láàárọ̀ yìí. Mo rò pé..."

"Fóònù mi ló kú. Kò síná láti ìjẹta."

Mo dúró síbẹ̀. Mo ní, "Ṣé o máa ń ka ohun tí mò ń kọ?"

"Lójoojúmọ́."

Èmi òmùgọ̀, mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ìdáríjì ti dé.

"Má rẹ́rìn-ín," Wùmí ní. "Mò ń wò ó kí n lè mọ ọjọ́ tí o máa tún purọ́." Ó mí díẹ̀. "Mi ò tíì rí tòní. Kí lo kọ?"

Mo yọ fóònù mi, mo kà á fún un: "Ẹja ti jáde. Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan."

Ó tẹjú mọ́ mi. "Lẹ́ẹ̀kan?"

"Lẹ́ẹ̀mejì," mo dáhùn. "Ìkejì ṣẹlẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ tí mo fi ń bọ̀."

Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sí mi.

"Jókòó," ó ní. "Tún un kọ."

Mo jókòó, mo tún un kọ.